Ohùn Bàbá Mi Lọ́wọ́ Àwọn Lánlọ́ọ̀dù

Bí ẹ bá rí mi ní ìlú òyìnbó tí mo wà yìí, tí mo tẹjú mọ́ fóònù, tí ètè mi ń mì, ẹ má rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Ìwé àdéhùn ni mò ń kà. Àwọn èèyàn a máa tẹ "Mo gbà" láìka ìlà kan ṣoṣo. Èmi kò sí lára wọn mọ́. Mo máa ń kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ wínníwínní kí ojú èèyàn má bàa tó o. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ìfura loògùn àgbà, àmọ́ mo ti lò ó jù nígbà kan rí, ó sì ṣe mí léṣe. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ ní Àkúrẹ́. Mò ń ṣe ìkànnì ayélujára fún ilé-ìwé, fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún àwọn tó ń ta búlọ́ọ̀kù. Yàrá kan ni mo háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Arákàlé, iná ìjọba kì í sì í pẹ́ níbẹ̀ kó tó lọ. Nígbà tí nǹkan wá le koko, tí epo jẹnẹrétọ̀ di ohun à-ń-wá-kiri, tí àwọn oníbàárà mi ń sọ pé ìkànnì kì í ṣe oúnjẹ, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yọ yín lẹ́nu. Ẹni tó bá ti dé ti dé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo pàdé ọkùnrin tó ń gbé lójú kejì mi. Mo kí i, mo tún tẹrí ba díẹ̀, torí ó ti hewú. Ó wò mí bí ẹni tí mo wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé, mo sì gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀mejì. Háà! Mo ní kí ni mo ṣe? Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sanwó ní ilé ìtajà pariwo lé mi lórí pé mo gbé ohun tí kò yẹ sínú àpò. Gbogbo èèyàn yíjú sí mi. Búrẹ́dì lásán ni o. Mo ní, ó dáa, tí ẹ̀rọ bá ń fura sí èmi, èmi náà á máa fura sí ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ tí mo rí, ilé ìfọṣọ ńlá kan ni. Aṣọ ìbùsùn àwọn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó ló ń wá síbẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi tí wọ́n ń pè ní ẹnjiníà l'Arákàlé, mo di ẹni tó ń ká aṣọ. Ooru ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìdí ààrò, tí mo bá sì jáde, òtútù á gbá mi létí. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá wa obìnrin ń jà pẹ̀lú àtẹ orúkọ tó fi ń pín iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo nawọ́ sí i, mo tún un ṣe kí omi tíì rẹ̀ tó hó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi àga kan pamọ́ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi iná sí kọ̀ǹpútà, kí n lè máa ṣiṣẹ́ ti ara mi lákòókò oúnjẹ. Inú mi dùn dé ilé lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ ti ara mi yẹn, ohùn bàbá mi ni.

Télọ̀ ni bàbá mi l'Ìsìkàn, àdúgbò wa l'Àkúrẹ́, ó sì ní oko kòkó kékeré kan ní Ìlú-Àbò. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń pè é. Tó bá ti kí mi tán, tó ti béèrè bóyá mo jẹun, kì í mọ ohun tó tún kù láti béèrè nípa ibi tí mo wà, torí kò mọ ibẹ̀. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ibi tí àwa méjèèjì mọ̀. "Ulé tó dojú kọ kànga yẹn," bẹ́ẹ̀ ni àwa ará Àkúrẹ́ ṣe ń pe ilé, "ǹjẹ́ o mọ ẹni tó kọ́ ọ?" Á sọ ẹni tó kọ́ ọ, á sọ ìyàwó tí onítọ̀hún fẹ́, á sọ ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ nítorí igi òrombó ẹ̀yìnkùlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo wá ya àwòrán àdúgbò Ìsìkàn sórí ìkànnì kan, ilé kan lẹ́yìn ìkejì. Tẹ́ ẹ bá tẹ ilé kan, bàbá mi á sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ náà, kò sì sí èrè kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òjò dídì bo ojú fèrèsé mi, mo máa ń tẹ ilé onípákó tó wà lẹ́yìn ilé wa, mo sì máa ń mọ̀ pé mo ní ibi tí mo ti wá.

Ìgbà tí ohùn mẹ́tàlélógójì pé lórí ìkànnì náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohun gbogbo, àmọ́ kò lè fèsì. Ní oṣù kan náà, tíì dà sórí kọ̀ǹpútà mi, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ṣòfò. Mo ní kò séwu, ohùn bàbá wà lórí ìkànnì. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ibi mẹ́ta ni kí wọ́n máa fi nǹkan pamọ́ sí, ibì kan ṣoṣo ni mo fi tèmi sí. Oníṣègùn, wo ara rẹ sàn.

Ibi kan ṣoṣo yẹn ni ọwọ́ àwọn tí mo ń pè ní lánlọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá fẹ́ ní ìkànnì gbọ́dọ̀ háyà ààyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ní àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí kì í sùn, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń háyà yàrá. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn ti òkè òkun ń béèrè oríṣiríṣi ìwé tí mi ò ní. Mo wá yíjú sí ilé-iṣẹ́ kékeré kan nílé. Wọ́n ní fóònù Nàìjíríà nìkan làwọn lè fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí. Ni mo bá pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni mo ní. Ọmọ Oǹdó ni ìyàwó rẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà níbẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù l'Arákàlé, ó ń ṣe fọ́tókọ́pì, ó sì ń bá àwọn èèyàn kọ fọ́ọ̀mù lórí ayélujára. Ẹ kò lè rí àṣìṣe nínú fọ́ọ̀mù tó bá kọ. Èmi ń pè é ní Ìyàwó wa. Òun ń pè mí ní Akọ̀wé, torí ọjọ́ tí wọ́n mú un wọlé, ìwé ló bá lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ìyàwó wa, ẹ bá mi ṣí àkáǹtì kan lórúkọ mi." Ó ní, "Kò tó nǹkan, Akọ̀wé." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi páásìwọ́ọ̀dù ránṣẹ́. Mo wọlé, mo kó ẹrù mi sí i, mi ò sì wo orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó sórí àga mi ní ilé ìfọṣọ, mo ṣí ìkànnì náà kí n gbọ́ ohùn bàbá kí n tó padà sídìí aṣọ. Ojú ewé funfun ló yọ sí mi: "A ti ti àkáǹtì yìí pa." Mo gbé abọ́ oúnjẹ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo kọ̀wé sí wọn lójú ẹsẹ̀. Èsì dé kíá. "Kẹ́lì lorúkọ mi. Inú mi dùn láti ràn yín lọ́wọ́ lónìí!"

Mo ní, "Ẹ dá ìkànnì mi padà."

"Ó yé mi pé èyí lè bí yín nínú. Inú mi dùn láti ràn yín lọ́wọ́!"

"Ṣé èèyàn ni ọ́?"

"Inú mi dùn láti ràn yín lọ́wọ́!"

Mo ní, ó tán. Ẹ̀rọ tún ni. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo ti bú Kẹ́lì títí, wọ́n fún mi ní èèyàn ẹlẹ́ran-ara, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ra ilé-iṣẹ́ kékeré yẹn, àwọn sì ní kí gbogbo ẹni tó ni àkáǹtì wá fi ìwé ìdánimọ̀ hàn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹni tí kò bá wá, wọ́n á pa gbogbo ohun tó ní rẹ́. Ó ní àwọn ti kọ ímeèlì lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù.

"Èmi kò rí ímeèlì kankan."

"Ẹni tó ni àkáǹtì la kọ ọ́ sí."

"Èmi ni mo ni àkáǹtì!"

Mo fi páásípọ́ọ̀tù mi ránṣẹ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Ẹ má bínú. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì kì í ṣe orúkọ yín."

"Orúkọ ta ni?"

"Mi ò lè sọ fún yín, nítorí ààbò ẹni tó ni àkáǹtì."

Mo béèrè bákáàpù, ẹ̀dà tí wọ́n ń fi pamọ́ tí mo sì ń sanwó fún. Ó ní inú àkáǹtì tí wọ́n tì náà ló wà. Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ti ilé pa, wọ́n ní inú ilé ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Mo padà sídìí aṣọ, ọwọ́ mi ń ká, ọkàn mi ń rò. Orúkọ ẹlòmíràn. Ta ló ṣí àkáǹtì náà? Ìyàwó wa. Ta ni ímeèlì ń lọ bá? Ìyàwó wa. Mo wá rántí pé ní ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta sẹ́yìn, ó bi mí pé, "Akọ̀wé, ṣé èèyàn lè ta irú ìkànnì yìí?" Mo ti dáhùn, mo sì ti gbàgbé. Báyìí ọ̀rọ̀ náà jí dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan jọ: jẹnẹrétọ̀ tuntun tó rà, ọjọ́ tí kò gbé fóònù mi. Kí n tó ká aṣọ ọjọ́ yẹn tán, mo ti dá ẹjọ́, mo ti dá a lẹ́bi. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo pè é láti ìta ilé ìfọṣọ.

Kò tíì kí mi tán tí mo fi dá a lẹ́nu. "Ìyàwó wa, orúkọ ta lẹ fi ṣí àkáǹtì mi?"

"Orúkọ yín ni, Akọ̀wé."

"Irọ́! Orúkọ mi kọ́ ló wà níbẹ̀."

"Orúkọ yín ni mo kọ," ó ní, ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀. "Akọ̀wé ni mo kọ, mo wá kọ orúkọ ìdílé tí gbogbo wa ń jẹ́ tẹ̀ lé e."

Ẹ̀rín burúkú bọ́ lẹ́nu mi. "Akọ̀wé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ fọ́ọ̀mù fún gbogbo Àkúrẹ́? Ta ló ń jẹ́ Akọ̀wé? Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀! Ẹ fẹ́ ta ohùn bàbá mi ni. Ẹ kàn wá orúkọ tí kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n sọ fún mi kí n má fọkàn tán ẹ̀yin ará Oǹdó."

Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ibi tí mo ti rí i, mi ò mọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé o," ó sì pa fóònù.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè, mo rò pé á pariwo. Kò pariwo, ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

"O pe ìyàwó mi ní olè."

"Bọ̀dá mi, ẹ gbọ́ mi ná..."

"Dákẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nílé wa. Ǹjẹ́ o ti gbọ́ kó pe orúkọ rẹ rí? Lọ́jọ́ kan ṣoṣo?"

Mo ronú. Mi ò gbọ́ ọ rí.

"Fọ́ọ̀mù páásípọ́ọ̀tù rẹ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la ti kọ ọ́. Ta ló tẹ orúkọ rẹ sí i? Èmi ni. Ó dìde lórí àga, ó ní kí n jókòó tẹ̀ ẹ́. Ó bá ọ nílé, ìyá àgbà rẹ̀ l'Oǹdó sì ti sọ fún un pé ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọ̀làjú ti dé, kò dá wọn lóhùn. Ìwọ wá ní kó kọ orúkọ rẹ, èmi sì wà lóko ní Ìlú-Àbò. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó rò pé ohun tí òun bá pè ọ́ ti tó."

"Ímeèlì ńkọ́?"

"Ímeèlì ṣọ́ọ̀bù ni. Lójúmọ́, ìwé àwọn gbájú-ẹ̀ tó ń wọ ibẹ̀ kò lóǹkà: ẹ wá fi ìwé ìdánimọ̀ hàn, àkáǹtì yín fẹ́ kú. Ó ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

Èmi ni. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́ ọ.

"Ó sì béèrè bóyá èèyàn lè ta ìkànnì," mo ní, ohùn mi ti kéré.

"Oníbàárà rẹ̀ kan ló béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé ìwọ lẹni tó mọ̀ jù." Ó mí kanlẹ̀. "Àbúrò, òtútù ibẹ̀ yẹn ti wọ ọ lọ́kàn."

Mo jókòó lórí ibùsùn mi. Ní ibi tí mo wà yìí, mo ti fi ìwé hàn láti fi hàn pé èmi ni èmi, mo ti tẹ ìka, mo ti dúró kí ẹ̀rọ ya ojú mi, síbẹ̀ wọ́n ń béèrè òmíràn. L'Ìsìkàn, obìnrin kan wà tó fi ọdún mọ́kànlá so ẹnu rẹ̀ nítorí pé mo ti wà nínú ilé kí òun tó débẹ̀. Kò béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ mi. Èmi wá ní kó fi tirẹ̀ hàn. Ojú tì mí débi pé ara mi gbóná.

Mo padà sọ́dọ̀ obìnrin lánlọ́ọ̀dù, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, mo sì mọ̀ pé kò gbà mí gbọ́. Ó lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo wà: ẹni tó ni fóònù àti ímeèlì orí àkáǹtì ni kó wá sórí fídíò, kó fi ìwé ìdánimọ̀ tirẹ̀ hàn, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì ní kíkún, bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù. Wọ́n á gba fídíò náà sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ni mo bẹ̀. Èmi kò lójú tí mo fi lè pe ìyàwó rẹ̀. Ó ní Ìyàwó wa gbọ́, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn ni àwọn lánlọ́ọ̀dù pe gbogbo wa sórí fídíò. Àwọn ará ilé wà ní pálọ̀ bàbá mi l'Ìsìkàn. Ìyàwó wa wé gèlè rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí ìsìn, bàbá jókòó sórí àga lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi di fóònù mú. Ìyàwó wa kò wo apá ibi tí ojú mi wà. Obìnrin lánlọ́ọ̀dù béèrè orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́. Ó béèrè ìwé, ó fi hàn. Ó wá ní, "Ta ló ni àkáǹtì yìí?"

Ìyàwó wa gbé bébà kan sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ orúkọ mi sí i gàdàgbà.

"Ẹ má bínú, madam. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́."

"Ó wà níbẹ̀. Ẹ kà á."

"Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Tí ẹ kò bá lè sọ ọ́, mo ní láti parí ìpè yìí."

Mo ṣe tán láti ní kó fi í sílẹ̀. Mo búra fún yín, ó ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n mo rí bàbá mi lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tó wọ́, mi ò sì lè sọ ọ́.

Ìyàwó wa yí padà, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá. "Bàbá, ẹ foríjì mí," ó ní. "Ohùn yín ni wọ́n mú pamọ́." Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó kù fún un, ó gbé e lé gèlè rẹ̀, ó sì gbé e pẹ́ níbẹ̀. Ìyàwó wa dìde, ó kọjú sí fóònù, ó sì pe orúkọ mi. Ó pè é tán pátápátá, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ti ìdílé wa, ketekete, bó ṣe máa ń ka fọ́ọ̀mù fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Orí mi wú.

"Ẹ ṣé gan-an," obìnrin lánlọ́ọ̀dù ní, ó sì ti ń tẹ nǹkan.

Ìkànnì náà ṣí lọ́jọ́ kejì. Mo ṣẹ̀dà ohùn mẹ́tàlélógójì náà sí ibi mẹ́ta, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sétí bàbá, ó tẹ ilé tó dojú kọ kànga. Ó ní bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin, pé níbì kan ó mi orí, bí ẹni tó fẹ́ sọ pé òun ṣi orúkọ ẹnì kan pè. Omi bọ́ lójú mi nínú ilé ìfọṣọ, ọ̀gá wa rò pé ooru ni.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó lè pe Ìyàwó wa. Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ mi sílẹ̀ láti òwúrọ̀. Ó gbé fóònù, ó kí mi dáadáa, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè òtútù. Orúkọ mi ló fi kí mi, orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò ṣòro fún un rí.

Mo bẹ̀ ẹ́. Gbogbo bí mo ṣe mọ ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé ó ń rí mi. Ó ní òun ti gbàgbé, ó ní bàbá lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè báyìí.

Mo ní, "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè mí bí ẹ ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀."

Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi," ó ní, "pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."